Òṣùwọ̀n Tó Tú Àṣírí Ìpẹtà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Bí ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà ṣe rí nìyẹn. Àṣìṣe kan wà nínú ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù gbà gbọ́ fún nǹkan bí 80 ọdún. Àwọn tó ń kọ́ni ní i kì í ṣe òpè, wọn kì í sì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n, àlàyé wọn dùn ún gbọ́, ó sì bá ohun tí ojú ń rí mu. Òṣùwọ̀n ló borí wọn níkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ ìpẹtà ni ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ẹni tí kò rí irin tó dípẹtà rí. Ìṣó tí a gbàgbé síta yóò pọ́n, páánù orí ilé àtijọ́ yóò lu, àdá tí a kò nù yóò máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wo irú irin bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé ó ń jẹ, ó ń tán, ó ń dín kù. Òótọ́ sì ni pé irin náà ń tán. Ṣùgbọ́n bí a bá lè kó gbogbo ìpẹtà náà jọ láìjẹ́ kí ẹyọ kan dànù, tí a sì gbé e lé orí òṣùwọ̀n, a óò rí i pé ó wúwo ju irin tó di ìpẹtà lọ. Níbo ni àlékún náà ti wá? Ìbéèrè yìí rọrùn létí, àmọ́ ó gba èèyàn ní ọdún tó lé ní 140 kí ìdáhùn rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́tà apoògùn kan

Ní ilẹ̀ Faransé, ní ìlú Bergerac, apoògùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Brun. Ó da tánńganran tó wọn pọ́ùn 2 àti áńsì 6 sínú ìkòkò irin, ó sì gbé e ka iná fún wákàtí 6, títí tí tánńganran náà fi di lẹ́búlẹ́bú funfun. Nígbà tó wọ̀n ọ́n, ó bá pọ́ùn 2 àti áńsì 13. Áńsì 7 ti kún un. Èyí rú u lójú. Ohun tó wọ inú iná yẹ kó dín kù ni, bí igi ṣe ń di eérú, tí eérú náà kì í sì í tó igi. Brun kọ̀wé sí dókítà kan tó ń jẹ́ Jean Rey pé kó bá òun wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọdún 1630, Rey tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi dáhùn. Ó ní afẹ́fẹ́ ni ohun tó kún tánńganran náà. Ó fi í wé yanrìn gbígbẹ tí a da omi sí: omi náà á wọ ara hóró yanrìn, yanrìn náà á sì wúwo sí i. Ó tún fi kún un pé ìkún náà ní òpin. Bí yanrìn bá ti mu omi yó, kò sí bí a ṣe lè da omi tó kù sí i tí yóò tún gbà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni tánńganran ṣe ń mu afẹ́fẹ́ yó.

Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni kò gbà pé afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n rárá. Ó lé ní ọdún 10 lẹ́yìn ìwé Rey kí Torricelli tó ṣe ìdánwò tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń tẹ orí ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìwé dókítà náà bọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó di ọdún 1777 kí wọ́n tó tún un tẹ̀, nígbà tí ẹlòmíràn ti rí ohun kan náà fúnra rẹ̀.

Ìgò tí a ṣí kó tó yẹ

Robert Boyle, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó fi irin sínú ìgò, ó dí ẹnu rẹ̀ pa, ó sì gbé e ka iná. Nígbà tó ṣẹ́ ẹnu ìgò náà, ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé. Ó wọn irin náà, ó sì rí i pé ó ti wúwo sí i. Ní ọdún 1673, ó kọ ọ́ síwèé pé iná fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n, àti pé ìdá kékeré iná ló gba ara ìgò kọjá lọ fara mọ́ irin.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìdáhùn tòótọ́ ti dún sí Boyle létí. Ariwo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yẹn ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ń rọ́ wọ inú ìgò, a jẹ́ pé nǹkan kan ti dín kù nínú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní ó gbé ìgò náà lé òṣùwọ̀n kó tó ṣí i, tó sì gbára lé ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ, ìtàn ìbá yí padà. Àtìgbà yẹn ni ó ti hàn pé kí èèyàn ní òṣùwọ̀n tó dára kò tó. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó wọn nǹkan.

Lẹ́yìn Boyle ni àṣìṣe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀. Georg Ernst Stahl, dókítà ará Jámánì, kọ́ni pé ohun kan wà nínú gbogbo nǹkan tó lè jó, ó pè é ní phlogiston. Bí igi bá jó, phlogiston ló jáde. Bí irin bá dípẹtà tàbí tó di eérú nínú iná, phlogiston ló fi í sílẹ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá fi èédú jó òkúta irin títí ó fi di irin, phlogiston inú èédú ló wọ inú òkúta náà. Àlàyé náà gún régé. Ó so ìná, ìpẹtà àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ pọ̀ mọ́ ara wọn, kò sì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ibi tí ó ti ń jò kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ohun kan bá jáde lára irin, kí ló dé tí irin náà fi wúwo sí i? Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò ṣe pàtàkì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ pé ìwọ̀n phlogiston kéré ju òfo lọ, tó fi jẹ́ pé bó bá jáde lára nǹkan, nǹkan náà á wúwo. Ní ọdún 1772, Guyton de Morveau, agbẹjọ́rò kan ní ìlú Dijon, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ti wọn oríṣiríṣi irin, ó sì rí i pé gbogbo èyí tí òun dán wò ló ń wúwo sí i bó bá di eérú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pe ọ̀rọ̀ náà ní èèṣì mọ́.

Lavoisier àti òfin tí kò gba mágòmágó

Antoine Lavoisier, tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1743, kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Ó wà lára àwọn oníṣòwò tó ń bá ọba Faransé gba owó orí. Owó tó ń rí níbẹ̀ ló fi ń ra àwọn òṣùwọ̀n tó péye jù lọ láyé ìgbà náà, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Fortin àti Mégnié bá a ṣe. Ìṣesí akọ̀wé owó ló gbé wọ yàrá ìwádìí: ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jáde, bí kò bá sì dọ́gba, nǹkan kan wà tí a kò tíì kà.

Ní ọdún 1774, ó tún iṣẹ́ Boyle ṣe, ṣùgbọ́n ó yí ohun kan padà. Ó fi tánńganran sínú ìgò, ó dí i pa, ó wọ̀n ọ́n. Ó gbé e ka iná títí apá kan tánńganran náà fi di eérú, ó jẹ́ kó tutù, ó sì tún un wọ̀n láì ṣí i. Ìwọ̀n kò yí padà. Èyí já àlàyé Boyle ní koro: kò sí iná kankan tó gba ara ìgò wọlé. Nígbà náà ló wá ṣẹ́ ẹnu ìgò náà. Afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ìgò sì wúwo sí i. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìwọ̀n tó kún tánńganran náà dọ́gba. Tánńganran ti jẹ lára afẹ́fẹ́ inú ìgò, òmíràn ló wá dí àyè rẹ̀.

Apá wo lára afẹ́fẹ́ ni irin ń jẹ? Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1774, Joseph Priestley, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì kó ìtànṣán oòrùn jọ sórí eérú pupa tí a rí lára mákúrì, afẹ́fẹ́ kan sì jáde tí àbẹ́là ń jó nínú rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó sọ ọ́ fún Lavoisier nígbà tí wọ́n jọ jẹun ní Paris. Carl Wilhelm Scheele ní ilẹ̀ Sweden ti rí afẹ́fẹ́ kan náà ṣáájú, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò jáde títí di ọdún 1777. Priestley ní tirẹ̀ kò fi phlogiston sílẹ̀ títí tó fi kú. Òun ló rí ohun náà, ẹlòmíràn ló mọ ohun tó jẹ́.

Lavoisier ka mákúrì sórí iná fún ọjọ́ 12 nínú ìgò tó ní afẹ́fẹ́ tó mọ níwọ̀n. Èèpá pupa bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú mákúrì, afẹ́fẹ́ inú ìgò sì dín kù. Nínú èyí tó ṣẹ́ kù, àbẹ́là kú, ẹran kò sì lè mí. Ó kó èèpá pupa náà jọ, ó rí grain 45, ìyẹn ìwọ̀n kékeré tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 53. Ó tún un jó nínú iná tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Grain 41 àti ààbọ̀ padà di mákúrì, ìyókù sì jáde gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ tí àbẹ́là ń jó rekete nínú rẹ̀. Nígbà tó da afẹ́fẹ́ yìí pọ̀ mọ́ èyí tó ti kú tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì di afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Ó sọ afẹ́fẹ́ náà ní ọ́síjìn. Ìròyìn ìdánwò náà wà nínú ìwé ńlá tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1789, tí ìyàwó rẹ̀, Marie-Anne Paulze, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn àwòrán inú rẹ̀.

Phlogiston kú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1789 kan náà ni ìyípadà ìjọba bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé. Lavoisier wà lára àwọn tó ń ṣètò òṣùwọ̀n tuntun fún orílẹ̀-èdè náà, èyí tí ayé ń lò dòní, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 1794, wọ́n gbé òun àti 27 mìíràn nínú àwọn agbowó orí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì bẹ́ wọn lórí ní ọjọ́ kan náà. Ọkùnrin tó lo ọdún púpọ̀ láti wọn nǹkan kí ó tó dájọ́, òun ni wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ láì fara balẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Láti orí iye dé orí àkókò

Lẹ́yìn Lavoisier, ayé ti mọ ìdí tí irin fi ń wúwo. Ìbéèrè mìíràn ló wá kù: báwo ló ṣe ń yá tó? Ẹni tó ń kọ́ afárá tàbí tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ mọ̀ bóyá irin yóò dípẹtà. Ó ti mọ ìyẹn. Ọdún mélòó ni yóò gbà ló fẹ́ mọ̀.

Wọ́n kò lè fi ọ̀nà Lavoisier dáhùn ìbéèrè yìí. Bí a bá yọ irin kúrò nínú iná ní wákàtí wákàtí láti wọ̀n ọ́n, ó ń tutù, èèpá ara rẹ̀ ń sán, ó sì ń já bọ́. Ohun tí a fẹ́ wọ̀n ti bàjẹ́ kó tó dé orí òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1915, Kotaro Honda, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tohoku ní ilẹ̀ Japan, ròyìn òṣùwọ̀n kan tó lè wọn nǹkan nígbà tí nǹkan náà ṣì wà nínú ìléru. Láti ìgbà náà, èèyàn kò ní í mú irin wá bá òṣùwọ̀n mọ́. Òṣùwọ̀n ló ń bá irin lọ sínú iná.

Ní ọdún 1923, Pilling àti Bedworth, àwọn olùwádìí méjì ní ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n rí i pé àwọn irin kan wà tí ìpẹtà wọn máa ń dáàbò bò wọ́n. Èèpá náà dì mọ́ra, ọ́síjìn ní láti la inú rẹ̀ kọjá, bí ó bá sì ṣe ń nípọn sí i ni ọ̀nà ń jìn sí i. Bí irú irin bẹ́ẹ̀ bá fi mílígíráàmù 10 kún ìwọ̀n rẹ̀ ní wákàtí kan, kò ní í di 20 ní wákàtí kejì. Ó di wákàtí kẹrin. Mílígíráàmù 30 di wákàtí kẹsàn-án. Nínú àwọn irin mìíràn, èèpá ń ya, ọ́síjìn ń wọlé bó ṣe wù ú, ìpẹtà kò sì dẹwọ́. Gustav Tammann ní Jámánì ti rí irú òfin kan náà ní ọdún 1920, Carl Wagner sì ṣàlàyé ní ọdún 1933 bí ìdá irin àti ti ọ́síjìn ṣe ń gba inú èèpá kọjá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. H. J. Vernon ń wọn irin tí kò sí nínú iná rárá, irin tó kàn wà nínú afẹ́fẹ́ lásán. Ó rí i pé bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò bá tó ìwọ̀n kan, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ má dípẹtà. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n náà, tí èéfín èédú sì wà níbẹ̀, ìpẹtà á sáré. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, àmọ́ ìgbà kan wà tí ẹlẹ́dẹ̀ náà ń fò wọlé.

Òṣùwọ̀n tí kì í sùn

Láti ọdún 1940 síwájú, òṣùwọ̀n ń kéré sí i, ó sì ń péye sí i. Earl Gulbransen ní Westinghouse ń lo òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé sínú àpótí tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1959, Günter Sauerbrey ní Jámánì fi hàn pé a lè fi òkúta kírísítálì tó ń gbọ̀n wọn ohun tí ojú kò rí. Ẹni tó bá mọ ìlù bàtá yóò tètè lóye èyí. Bí onílù bá lẹ ìda mọ́ awọ, ohùn awọ náà á wálẹ̀. Kírísítálì náà ṣe bẹ́ẹ̀: bí nǹkan bá lẹ̀ mọ́ ọn, bó ti wù kó kéré tó, gbígbọ̀n rẹ̀ á rọlẹ̀, a ó sì fi ìyẹn mọ ìwọ̀n nǹkan náà.

Lóde òní, iná mànàmáná ló ń gbé apá òṣùwọ̀n dúró kó má baà tẹ̀. Bí irin bá wúwo sí i, iná tí yóò gbé e dúró á pọ̀ sí i, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìwọ̀n láti ara iye iná náà. Ó lè máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, láì sí ẹnì kankan nítòsí. Kí èèyàn má sí nítòsí tún ní àǹfààní tirẹ̀. Èémí ẹni, ìgbóná ara àti ọ̀rá orí ìka ọwọ́ tó láti ba irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí lásán lèyí kó gbọ́ ọ̀rọ̀ zirconium. Irin yìí ni wọ́n fi ń wé epo inú ilé iṣẹ́ iná núkílíà. Bó bá gbóná jù, ó ń já ọ́síjìn gbà lára ooru omi, háídírójìn tó lè bú gbàù á sì ṣẹ́ kù. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí wọn bí zirconium ṣe ń gba ọ́síjìn, ohun tí wọ́n rí sì wà lára ohun tí ìjọba gbé òfin kalẹ̀ lé ní ọdún 1973: irin náà kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 1204°C lọ, ìpẹtà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ ju ìdá 17 nínú 100 nípọn rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, omi òkun ya wọ ilé iṣẹ́ Fukushima Daiichi ní Japan, ẹ̀rọ tó ń mú epo náà tutù dákẹ́, zirconium kọjá ààlà náà. Háídírójìn bú gbàù, ó sì fọ́ àwọn ilé tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló di aláìnílé lórí.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Páánù tó pọ̀ lórí ilé láti Ìbàdàn dé Èkó, irin tí a fi síǹkì bò ni. Ìwọ̀n síǹkì náà ló ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ń wọn ègé páánù, wọ́n ń fi ásíìdì jẹ síǹkì náà kúrò, wọ́n sì ń tún un wọ̀n. Páánù tí wọ́n kọ 275 sí lára gbọ́dọ̀ ní síǹkì gíráàmù 275 lórí mítà onígun kan, tojú tẹ̀yìn. Dídán kì í sọ ìyàtọ̀. Páánù méjì lè máa kọ mọ̀nà lọ́jà kí ọ̀kan lo ogún ọdún, kí èkejì lu láàrin ọdún díẹ̀, pàápàá létí òkun níbi tí iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́.

Láti orí ìkòkò Brun títí dé orí kọ̀ǹpútà, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ojú ń sọ pé irin ń dín kù, àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé gbè é lẹ́yìn, òṣùwọ̀n nìkan ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ìwà ẹni tí kì í kánjú, tí kì í sì í ṣe àṣejù: ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kí á wọ̀n, kí á tún wọ̀n. Rey fi ọgbọ́n orí mọ òtítọ́ ní ọdún 1630, kò sì sí ẹni tó gbà á gbọ́. Lavoisier wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n kó tó ṣí ìgò, kò sì sí ẹni tó lè jà á níyàn pẹ́ títí.